Ẹni Tí A Fi Ọmọ Lé Lọ́wọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Bíbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Olùkọ́ Ọmọ Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn òbí sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

A ti gbọ́ àkọ́sórí àwọn ọmọ wa, a ti rí wọn nínú aṣọ funfun wọn, inú gbogbo wa sì dùn. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ní ilẹ̀ England níhìn-ín, èyíinì ni iṣẹ́ títọ́jú àti kíkọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọwọ́ títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 5.

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè pé kí ni yóò dà bí ó bá dàgbà, ìdáhùn tí etí wa ń retí ni dókítà, lọ́yà tàbí ẹnjiníà. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà, ọwọ́ ẹnìkan ni olúkúlùkù wọn ti kọ́ bí a ti ń di ṣíbí mú, bí a ti ń dúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán, àti bí a ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Àwọn àgbà ní, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí ó dúró ti ìrókò nígbà tí ó ṣì kéré ni ọ̀rọ̀ mi òní dá lé lórí.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa bí a ti ń tọ́ ọmọ kékeré. Ní ilé àwọn baba wa, kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ìyá àgbà ti ń fi oríkì rẹ̀ pè é. Bí ó bá ń sunkún, a ó pọ̀n ọ́n, a ó fi ọ̀já gbá a, yóò sì máa gbọ́ ohùn ẹni tí ó pọ̀n ọ́n. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, ayò yóò kọ́ ọ ní ìṣirò, àlọ́ alẹ́ yóò kọ́ ọ ní ìrántí, bojúbojú yóò sì kọ́ ọ ní sùúrù àti bí a ti ń pa òfin eré mọ́. A kò pe ẹnikẹ́ni ní olùkọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ń lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ní ilẹ̀ yìí ni pé ìyá àgbà kò sí nílé, bàbá àti ìyá ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n sì wà ní ilé-ìwé. Ẹlòmíràn ni yóò gba ọmọ náà mọ́ra. Ta ni ẹni náà? Kí ni ó mọ̀? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó bí iṣẹ́ wa.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè náà ní ilẹ̀ yìí kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lónìí. Ní 1780 ni Robert Raikes, ọkùnrin kan tí ó ń tẹ ìwé ìròyìn jáde ní ìlú Gloucester, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tálákà jọ ní ọjọ́ ìsinmi kí wọ́n lè kọ́ ìwé kíkà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní 1816, Robert Owen ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní New Lanark ní Scotland fún àwọn ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó gba àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn pàápàá, ó sì pàṣẹ pé kí olùkọ́ kankan má ṣe nà wọ́n. Ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Froebel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1837, ó sì fún un ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgbà àwọn ọmọdé. Ní ìlú Róòmù, dókítà obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Maria Montessori ṣí ilé àwọn ọmọdé ní 1907 láàárín àwọn aláìní.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ wa jù lọ wà ní Deptford ní Lọ́ńdọ̀nù, nítòsí Peckham tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra iṣu àti ẹ̀fọ́. Ibẹ̀ ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Rachel àti Margaret McMillan, dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré sílẹ̀ nínú ọgbà gbangba ní 1914. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ àdúgbò náà ń ṣàìsàn nítorí ìdọ̀tí, ebi àti ilé tóóró tí atẹ́gùn kì í wọ̀. Wọ́n ń wẹ̀ fún wọn, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń jẹ́ kí wọ́n ṣeré kí wọ́n sì sùn níbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà. Rachel kú ní 1917, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1930 ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a fi orúkọ Rachel pè. Margaret mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ nìkan kò tó. Ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ gidi.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀ òbí tí ó wá láti Nàìjíríà kàwé ní ilẹ̀ yìí ni kò rí ibi tí wọn yóò fi ọmọ sí. Wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, iyàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde nínú ìwé ìròyìn, pàápàá nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Nursery World, pé àwọn ń wá ìdílé tí yóò bá wọn tọ́ ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a fi sí ilé òyìnbó ní àwọn ìgbèríko. Àwọn kan rí ìfẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ títí di òní. Àwọn mìíràn pàdánù èdè wọn àti orúkọ wọn, nígbà tí òbí wọn sì padà dé, bí àlejò ni wọ́n rí lójú ọmọ. Òṣèré nì, Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a fi sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Tilbury, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù kan tí ó pè ní Farming, tí ó jáde ní 2018. N kò sọ èyí láti dá àwọn òbí ìgbà náà lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè mọ̀ pé ẹni tí a fi ọmọ lé lọ́wọ́ fún ọdún díẹ̀ lè fi àmì sí i lára fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an

Àwọn kan rò pé ohun tí a ń ṣe ní jẹ́lé-ó-sinmi kò ju kí a nu imú ọmọ, kí a pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀, kí a sì wò ó títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Òótọ́ ni pé a ń nu imú, a sì ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí. Ṣùgbọ́n láti 2008 ni ìjọba ti fi ìlànà kan lélẹ̀ ní England tí wọ́n ń pè ní Early Years Foundation Stage, gbogbo ilé ìtọ́jú ọmọ tí ó forúkọ sílẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìlànà náà ka ẹ̀ka ẹ̀kọ́ 7. Mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀: ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbọ́, lílo ara, àti bí ọmọ ti ń mọ ara rẹ̀, tí ó sì ń bá ẹlòmíràn gbé. Mẹ́rin tí ó kù ni ìwé kíkà àti kíkọ, ìṣirò, mímọ ayé tí ó yí wa ká, àti iṣẹ́ ọnà.

Ẹ wo ọmọ ọdún 2 kan tí ó ń da omi láti inú ife ńlá sínú ife kékeré. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ń fi omi ṣòfò. Olùkọ́ mọ̀ pé ó ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti dúró ṣinṣin, ọwọ́ náà ni yóò sì fi mú kálàmù lọ́la. Ó ń rí i pé omi ife ńlá kò gba inú ife kékeré tán, ìṣirò sì ni èyíinì. Bí olùkọ́ bá kúnlẹ̀ tì í, tí ó sọ pé, "Ó ti kún, ó ń ṣàn sílẹ̀," ó ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún inú àpò ọmọ náà. Bí ọmọ kejì bá dé tí ó fẹ́ gba ife, tí olùkọ́ sì kọ́ wọn láti ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ bí a ti ń bá ènìyàn gbé nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí a dákẹ́ wò ọmọ, òun ni iṣẹ́ náà.

Òfin tún sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí yóò mọ ìwà rẹ̀, tí yóò mọ òbí rẹ̀, tí yóò sì jẹ́ ẹni tí ọmọ náà ń sá tọ̀ bí ẹ̀rù bá bà á. Bẹ́ẹ̀ ni iye ọmọ tí a lè fi lé ẹnìkan lọ́wọ́ ní òdiwọ̀n. Ní England, àgbàlagbà 1 ni fún ọmọ 3 tí kò tíì pé ọdún 2. Àgbàlagbà 1 fún ọmọ ọdún 2 tí iye wọn jẹ́ 5. Bí wọ́n bá sì pé ọdún 3, 1 fún 8 ni ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ fi ojú inú wo ìyá ìbẹta, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá iṣẹ́ ọ̀lẹ ni iṣẹ́ wa.

Ọ̀nà tí a ń gbà wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní ilé-ìwé, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà ní ìjọ yìí ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Ẹ lọ bá olùkọ́ wọn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ máa ràn án lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá sùúrù yín tó. Bí ilé-ìwé yín bá ń rán ọmọ lọ wo bí iṣẹ́ ti rí, ẹ bèèrè fún jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ rántí pé ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ojú àgbàlagbà ní gbogbo ìgbà ní ibi iṣẹ́ náà. Ẹ má bínú sí i. Ààbò yín ni, ààbò ọmọ sì ni.

Lẹ́yìn ọmọ ọdún 16, ọ̀nà pín sí mẹ́ta. Èkíní ni kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí ẹ ti lè gba ìwé-ẹ̀rí Level 2 tí ó jẹ́ ti olùrànlọ́wọ́, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú sí Level 3 tí ó sọ ènìyàn di olùkọ́ ọmọ kékeré ní kíkún. Èkejì ni T Level, ẹ̀kọ́ ọdún 2 tí ó da ìwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni apprenticeship, níbi tí ènìyàn ti ń kọ́ṣẹ́ bí ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ṣùgbọ́n tí a ń san owó fún un. Ọmọ Yorùbá kò ṣe àjèjì sí èyí. Àwọn baba wa kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, iṣẹ́ aṣọ híhun àti iṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n sì gba òmìnira lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì lè ka ẹ̀kọ́ nípa ìgbà èwe. Ẹni tí ó ti ní dìgírì lè tẹ̀ síwájú láti gba oyè Early Years Teacher Status. Fún èyí, yóò nílò GCSE ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà ẹ má fi ìṣirò ṣeré nísinsìnyí. Kí ẹ sì mọ̀ pé oyè yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ti olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní QTS. Ẹni tí ó bá ń wo iwájú lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní láti béèrè ìyàtọ̀ náà kí ó tó yan ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń ro pé ẹ fẹ́ yí iṣẹ́ padà, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú. Láti oṣù September 2025 ni ìjọba ti ń san owó ìtọ́jú wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ní àkókò ilé-ìwé fún àwọn òbí tí ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá kún ojú ìwọ̀n, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù 9. Bí ọmọ bá pọ̀ sí i, a kò lè ṣàì wá ọwọ́ tí yóò gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré san owó fún ìwé-ẹ̀rí tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba ní àkọsílẹ̀ àwọn ìwé-ẹ̀rí tí ó gbà. Ẹ wá orúkọ ẹ̀kọ́ náà nínú rẹ̀ kí owó tó jáde ní àpò yín. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Nǹkan méjì ni ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Èkíní ni àyẹ̀wò DBS, tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀sùn ọ̀daràn wà lọ́rùn ènìyàn. Èkejì ni ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé, ẹ̀kọ́ wákàtí 12 tí a ń tún ṣe ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, tí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Level 2 tàbí Level 3 sì gbọ́dọ̀ ní kí oṣù 3 tó pé bí a ó bá máa kà á mọ́ iye àwọn olùtọ́jú. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ ohun tí a ó ṣe bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun. Ìdí nìyí tí a fi ń la èso àjàrà ní gígùn kí a tó fún ọmọ kékeré, tí a kì í sì í yí ẹ̀yìn padà nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣètò oúnjẹ àjọ̀dún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn lónìí.

Ohun tí ó le níbẹ̀

N kò ní fi adùn nìkan hàn yín. Owó iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ tí ó bá bẹ̀rẹ̀, iye tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín ni wọ́n ń gbà, tàbí èyí tí ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ẹ̀yìn ń ro ni, nítorí pé ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Òtútù tí ó bá mú ọmọ kan mú gbogbo ilé. Àkọsílẹ̀ wà láti kọ, àwọn òṣìṣẹ́ Ofsted sì ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò. Àwọn kan fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí èyí, èmi kò sì jẹ́ bú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá lọ, ọmọ kan wà tí ń wo ẹnu ọ̀nà tí kò sì rí ẹni rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá wọ iṣẹ́ náà, kí ó ṣírò rẹ̀ dáadáa. Kí ó béèrè iye owó, ìsinmi, àti bóyá ilé-iṣẹ́ náà yóò san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ síwájú. Bíbéèrè kì í ṣe ojúkòkòrò. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú: olùkọ́ lè di igbákejì, ó lè di ọ̀gá, ó lè mọ àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ àrà ọ̀tọ̀ ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó sì lè forúkọ sílẹ̀ láti máa tọ́jú ọmọ nínú ilé ara rẹ̀.

Ohun tí ó le jù owó lọ ni ọ̀rọ̀ ààbò. Bí o bá rí àpá lára ọmọ, tàbí tí ọmọ sọ ohun tí ó kọ ọ́ lóminú, o kò gbọdọ̀ fi pamọ́, ìbáà ṣe ọmọ ará ìjọ wa, ìbáà ṣe ọmọ ẹni tí ó kí ọ káàbọ̀ sí ilẹ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a yàn fún ọ̀rọ̀ ààbò ní ibi iṣẹ́ ni o ó lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ojú àti ìtìjú ni a fi ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan láàárín wa. Àwọn baba wa ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó rí i tí ó dákẹ́ kì í ṣe àgbà, bí ewú tilẹ̀ kún orí rẹ̀.

Bákan náà, òfin kò gba kí ẹnikẹ́ni na ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ní Scotland láti 2020 àti ní Wales láti 2022, òbí pàápàá kò ní àṣẹ láti na ọmọ mọ́. Àwọn kan nínú wa yóò ní báwo ni a ó ti tọ́ ọmọ láìsí pàṣán? A ó tọ́ ọ nípa pé kí a sọ òfin ṣókí, kí a sọ ọ́ léraléra, kí àwa fúnra wa sì pa á mọ́. Ọmọ ọdún 2 tí ó bu ẹnìkejì rẹ̀ jẹ kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ pé, "Èmi ni ó kàn." Fún un ní ọ̀rọ̀ náà, kí o sì wò bí eyín rẹ̀ yóò ti sinmi.

Ẹ̀bùn tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ọ̀dọ́ Yorùbá tí ó bá wọ iṣẹ́ yìí kò wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òfo. Ìlànà ìjọba tí mo sọ ní ìṣáájú pa á láṣẹ pé kí ilé ìtọ́jú sa ipá rẹ̀ kí ọmọ lè máa lo èdè ilé rẹ̀ nínú eré àti ẹ̀kọ́, kí ó sì tún rí àyè kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Àwọn méjèèjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Síbẹ̀ mélòó nínú wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò délé bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí i lọ́wọ́?

Ìdáhùn ti wà láti ilé. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ wọn ní èdè Yorùbá fún ọdún 6, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti kọ́ bí a ti ń tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Ọmọ tí ó ti ilé tí a ti ń sọ Yorùbá dé jẹ́lé-ó-sinmi lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó ń gbọ́, ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ọpọlọ rẹ̀ kò jí. Ọmọ tí a ti kọ́ láti má ṣe máa tẹjú mọ́ àgbà lè dà bí ẹni tí kò fetí sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá wà nínú iyàrá náà tí ó mọ àṣà yìí, tí ó lè sọ pé, "Ṣé omi ni o fẹ́?" tí ó sì lè pe orúkọ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é, ẹ̀rù ọmọ náà yóò fò lọ. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé orúkọ ọmọ kúrú nítorí pé ó gùn lẹ́nu wọn; ẹ kọ́ wọn ní sùúrù bí a ti ń kọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi èdè bo ìṣòro mọ́lẹ̀. Láàárín ọdún 2 sí 3, jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́dọ̀ yẹ ìdàgbàsókè ọmọ wò, kí ó sì fún òbí ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ kò bá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, tí kò sì sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má kàn ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹ lọ wá ìrànlọ́wọ́ ní kíákíá. Olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ni ó lè sọ òtítọ́ yìí fún ìyá ọmọ ní ohùn tí kò ní fi bí i nínú.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá sọ fún yín pé iṣẹ́ olùkọ́ ọmọ kékeré ni òun fẹ́ ṣe, ẹ má ṣe sọ pé torí èyí ni ẹ ṣe kó ẹrù wá sí òkè òkun. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà, kí ẹ bá a ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì súre fún un. Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí kò tó 5 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wà tí kò rí bàbá nílé, tí yóò sì ṣe é ní oore láti rí ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ń ka ìwé fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é láìgba owó, ẹ kú iṣẹ́. Hánà mú Sámúẹ́lì lọ sọ́dọ̀ Élì nígbà tí ó ṣì kéré, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ronú bí ó ti gbọ́dọ̀ fọkàn tán ilé náà tó. Irú ìfọkàntán bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí ń gbé fún yín ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan nínú yín ni ó ń gbọ́ mi tí ọkàn rẹ̀ ti ń sún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó lọ bá olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Bí mo bá sì lè ràn án lọ́wọ́ láti wá ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn.

Ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́ tí ẹ jókòó pẹ̀sẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo mọ̀ pé ìrẹsì ti ń ta sánsán dé ibi tí ẹ wà. Ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn: bí ẹ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ́la, ẹ kí ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ dúpẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn tó.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi tọ́ wọn, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n jogún iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa.